Òjò, ọ̀dá àti kòkòrò inú àgbàdo

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò. Èyí tí ń jẹ àgbàdo wa láti ọdún 2016 ni. Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè ní gbogbo kíláàsì ìmọ̀wé. Ìbéèrè náà nìyí: kí ló dé tí kòkòrò yìí fi ń pọ̀ lọ́dún kan, tí kì í pọ̀ lọ́dún kejì? Kí ló dé tí ó fi jẹ oko Lágbájá tán, tí kò sì fọwọ́ kan oko Tàmẹ̀dò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n ní ẹnì kan ló rán kòkòrò sí oko ẹnì kejì. Nítorí ọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ ìyá ń yan ara wọn lódì. Nítorí rẹ̀, a ń nawọ́ sí ìyá arúgbó tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní oògùn tí àwọn rà ni kò dára. Wọ́n tún lọ ra òmíràn. Wọ́n tún jẹ gbèsè sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ọ̀run kí a tó wo ojú aládùúgbò. Òjò, ooru, ọ̀dá àti ọyẹ́ ni wọ́n ní ọwọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ta ni kòkòrò yìí?

Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà: ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní erékùṣù São Tomé. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè é ní « chenille légionnaire » ní èdè Faransé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó máa pè é ní kòkòrò ajẹ̀gbàdo.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn kòkòrò mìíràn? Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ẹ ó rí ilà funfun kan tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Y ni lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú a-b-d wa. Ẹni tí ó bá ti kàwé dé ìparí a-b-d, ó ti lè dá kòkòrò yìí mọ̀. Ẹ tún wo apá ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí àmì dúdú 4 tí wọ́n tò bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì.

Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Òru ni ó ń fò. Afẹ́fẹ́ lè ràn án lọ́wọ́, kí ó fò tó 100 kìlómítà ní òru kan ṣoṣo. Ó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí ara ewé ní ìdì kan, ẹyin 100 sí 200, a sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí òwú. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹyin pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré bí okùn ìránṣọ. Wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń wọ inú ọkàn àgbàdo. Ọkàn àgbàdo ni a ń pe ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, tí ó dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Wọ́n a jẹun níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n a jábọ́ sílẹ̀, wọ́n a wọ inú ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n a dákẹ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ 8 tàbí 9. Nígbà tí wọ́n bá jáde, wọ́n ti di àfòpiná.

Kí ni ooru ń ṣe fún un?

Ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Níbi tí ooru bá pọ̀ dáadáa, láti ẹyin títí di àfòpiná kì í ju bí ọjọ́ 20 lọ. Níbi tí ó bá tutù, ó lè tó ọjọ́ 70. Lọ́dọ̀ wa ní Savalou, ní àkókò òjò, ẹ fi oṣù kan ṣírò rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 30. Àgbàdo tí ń gba ọjọ́ 90 kí ó tó gbẹ, ẹ pín in sí 30. Ìdáhùn jẹ́ 3. Ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò kọjá nínú oko kan kí a tó kórè. Bí ilẹ̀ bá gbóná sí i, ìran kẹrin lè wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi ti ń dì nígbà òtútù, òtútù náà a máa pa gbogbo wọn lọ́dọọdún. Ìwọ̀nba tí ó bá wà ní gúúsù Florida àti ní gúúsù Texas, níbi tí ooru kì í tán, ni ó máa ń là á. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n tún ń fò padà sí àríwá nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọyẹ́ wa ń mú ènìyàn gbọ̀n lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n kò tó pa kòkòrò ajẹ̀gbàdo. Ohun tí ń dín in kù nígbà ọyẹ́ ni ebi. Kò sí àgbàdo lóko.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbin àgbàdo sí àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oko rẹ̀ ni kòkòrò yóò sá sí. A kò ní kí ẹ má gbin àbàtà. Àgbàdo tútù ń mówó wọlé nígbà tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn gbẹ. Kí olóko bẹ́ẹ̀ ṣáà máa ṣọ́ oko rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí láti ibẹ̀ ni àfòpiná yóò ti gbéra nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá hu àgbàdo tuntun.

Òjò ńlá

Ẹ lọ sí oko ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ ya ọkàn àgbàdo wò. Ẹ ó rí omi nínú rẹ̀. Ẹ ó sì rí i pé kòkòrò kéékèèké tí ẹ rí níjẹta ti dín kù.

Níbo ni wọ́n lọ? Díẹ̀ nínú wọn mu omi yó, wọ́n sì kú sínú àrọ náà. Díẹ̀ ni òjò gbá bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n, èèrà sì kó wọn. Nígbà tí ẹyin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àwọn ọmọ kòkòrò a máa ta okùn tín-ín-rín bí ti aláǹtakùn, wọ́n a so rọ̀ sórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbé wọn lọ sí orí àgbàdo mìíràn. Bí òjò bá bá wọn nínú ìrìn àjò yìí, ó parí fún wọn. Àwọn tí ń sùn nínú ilẹ̀ pàápàá kò bọ́. Bí omi bá dúró sí ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í jáde mọ́.

Òjò tún ní iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, èbu a máa mú kòkòrò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú iṣu tí a kò tọ́jú dáadáa. Bí ẹ bá rí kòkòrò tí ó gan mọ́ ara ewé, tí ohun funfun tàbí ohun tí ó dà bí ewédú bò ó, ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ má kó o kúrò. Àìsàn ló pa á. Ẹ jẹ́ kí ó kó o ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òjò sì ń fún àgbàdo fúnra rẹ̀ lágbára. Àgbàdo tí ó rí omi, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì sanra, a máa yọ ewé tuntun rọ́pò èyí tí kòkòrò jẹ. Oko tí ẹ wò lónìí tí ẹ sì fọwọ́ lérí, ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì òjò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i tí ó ti dìde.

Kòkòrò ńlá ni òjò kì í sábà rí mú. Ó ti wọ inú ọkàn àgbàdo lọ jìnnà, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti dí ẹnu ọ̀nà, bí ìyẹ̀ tí ayùn ń gé jáde lára pákó. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a tètè rí i nígbà tí ó ṣì kéré.

Ọ̀dá

Ẹ mọ bí òjò ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó sì ń lọ sílé ní oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n kì í rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí àgbàdo kò tíì ju orúnkún lọ. Àkókò yìí ni kòkòrò ajẹ̀gbàdo ń wá. Kò sí omi tí yóò gbá a bọ́. Kò sí èbu tí yóò mú un. Ooru ń mú un dàgbà kíákíá. Àgbàdo náà ń rọ, kò lè yọ ewé tuntun. Ẹnu kòkòrò yá ju ewé lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí oko Lágbájá àti oko Tàmẹ̀dò. Tàmẹ̀dò gbin àgbàdo tirẹ̀ nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀. Lágbájá kò rí ẹni bá a kọ ebè. Ó gbìn ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò díẹ̀ jẹun nínú oko Tàmẹ̀dò, wọ́n wọlẹ̀, wọ́n di àfòpiná. Ọjọ́ 30 pé. Nígbà tí wọ́n jáde, àgbàdo Tàmẹ̀dò ti dàgbà, ewé rẹ̀ ti le. Ti Lágbájá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé tútù. Òjò sì dá ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Níbo ni ẹ rò pé àfòpiná yóò yé sí?

Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Kò sí ìyá arúgbó níbẹ̀. Ọjọ́ tí a gbìn ni, àti ọjọ́ tí òjò dá.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí gbogbo olóko tí ilẹ̀ wọn pààlà gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra wọn. Àwọn baba wa ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Bí àáró bá kọ́kọ́ ran ẹni tí kò ní ọmọ lọ́wọ́, oko tirẹ̀ kò ní gbẹ́yìn, oko tí yóò máa bọ́ kòkòrò fún gbogbo ìletò kò sì ní sí. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí pé a fẹ́ yára gbìn sí òjò ẹ̀tàn oṣù kẹta. Ẹ̀yin àgbà mọ ìyàtọ̀ òjò ẹ̀tàn sí òjò gidi jù wá lọ.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́

Ẹni tí kò bá gbà pé ojú ọjọ́ lágbára tó báyìí, kí ó bi àwọn àgbà tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ láyé ọdún 1980. Gàrí Savalou lókìkí dé Cotonou. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí a fi ìyẹ̀fun pa wọ ilẹ̀ wa. Òun náà ti Amẹ́ríkà wá. Agbègbè odò Congo ni ó kọ́kọ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abo ni gbogbo wọn. Wọn kò nílò akọ kí wọ́n tó yé, ọ̀kan sì lè yé bí ẹyin 400. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a bo orí ẹ̀gẹ́ títí ewé rẹ̀ yóò fi ká jọ bí ìkúùkù. Nígbà tí òjò bá dé, òjò a fọ ọ̀pọ̀ wọn dànù, ẹ̀gẹ́ a sì tún rúwé. Lọ́dún kejì, ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n padà.

Òjò nìkan kò lè ṣẹ́gun wọn. Àwọn onímọ̀ wá ibi tí kòkòrò náà ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì rí i ní Paraguay ní ọdún 1981. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí agbọ́n kékeré kan, tí kò tó orí ìṣáná, tí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun náà, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, ní ọdún 1981 kan náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u ká ilẹ̀ Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Agbọ́n náà kò béèrè owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan.

Kòkòrò ajẹ̀gbàdo pẹ̀lú ní ọ̀tá. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Bẹ̀nẹ̀ tí ń yé ẹyin sínú ẹyin rẹ̀. Èèrà ń jẹ ẹ́. Agbọ́n ńlá ń gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀. Oògùn tí a bá fọ́n lọ́nà tí kò yẹ yóò pa gbogbo àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí, nígbà tí kòkòrò ńlá tí ó ti dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò máa jẹun lọ.

Oògùn àti ojú ọjọ́

Ẹni tí ó bá fọ́n oògùn nígbà tí òjò ti ṣú, owó rẹ̀ ni ó ń dà sódò. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn ní ọ̀sán gangan, oòrùn yóò gba agbára rẹ̀, kòkòrò sì ti sá wọ inú. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ara rẹ̀ àti ara ọmọ tí ó bá a lọ sóko ni oògùn yóò lọ.

Oògùn òwú kì í ṣe oògùn oúnjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ní Borgou, lápá àríwá ilẹ̀ wa níbí, oògùn òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn. Ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ìjọba fòfin de oògùn náà. Ṣùgbọ́n oògùn òwú mìíràn ṣì ń bẹ nínú ilé, nínú ìgò tí a ti fi mu nǹkan rí. Ẹ má fi í sí àgbàdo. Ẹ má fi í sí ẹ̀wà.

Kí wá ni kí a ṣe? Ẹ fara wé òjò. Ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tàbí eérú tí ìka mẹ́ta lè mú, ẹ wọ́n ọn sínú ọkàn àgbàdo kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí kòkòrò nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ fọ́ ìdì ẹyin tí ẹ bá rí lára ewé: ìdì kan tí ẹ fọ́, kòkòrò 100 ni ẹ dá dúró. Omi èso igi nîmù, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dóńgóyárò, wúlò pẹ̀lú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lò ó, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sì rò pé gbogbo kòkòrò ni ó bẹ̀rù òjò. Lára ẹ̀wà, kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tí ń mu omi ara ewé ń pọ̀ nígbà ọ̀dá, òjò sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ òdòdó ẹ̀wà tí ó sì ń lu pódi rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rinrin. A ó sọ̀rọ̀ ẹ̀wà nígbà mìíràn.

Bí a ṣe ń ka oko

Lẹ́tà W wúlò níhìn-ín. Bí ẹ bá dé oko, ẹ fi ẹsẹ̀ kọ W láti igun kan dé ìkejì. Ẹ dúró ní ibi 5. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àgbàdo 10. 5 lọ́nà 10 jẹ́ 50. Ẹ ka iye èyí tí kòkòrò ń jẹ ewé tuntun rẹ̀ nínú 50 náà. Bí àgbàdo bá ṣì kéré tí ẹ sì rí 10, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti dàgbà ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ òdòdó lórí, ẹ lè dúró títí yóò fi tó 20. Bí ó bá ti yọ òdòdó lórí, ẹ fi owó oògùn sápò.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí àgbàdo bá kéré. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ẹ tó lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ nìyí:

Ọjọ́ 12, oṣù 5. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ 9. Kòkòrò: 6 nínú 50.
Ọjọ́ 16, oṣù 5. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ 13. Kòkòrò: 14 nínú 50.
Ọjọ́ 19, oṣù 5. Òjò ńlá rọ̀ lánàá. Kòkòrò: 5 nínú 50.

Ẹni tí ó kọ èyí mọ̀ pé ní ọjọ́ 16, ó yẹ kí òun fi eérú sí ọkàn àgbàdo. Ó sì mọ̀ pé ní ọjọ́ 19, òjò ti bá òun ṣe èyí tí ó kù. Ẹni tí kò kọ ọ́ ti lè lọ yá owó oògùn ní ọjọ́ 17.

Ẹ mú ìwé yín wá sí kíláàsì. Ẹni tí ó bá kọ ọjọ́ òjò sílẹ̀ láti oṣù kẹrin, kí ó kà á sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ó fi ti ará Gouka wé ti ará Logozohè, kí a wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ kan náà ni òjò dá fún wọn, àti iye kòkòrò tí wọ́n kà.